Ìbéèrè Kọkànlá

Ní Olódò, lẹ́yìn ilé mi, lágogo mẹ́wàá òwúrọ̀,
Ìbídùnní dé láti ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran,
fáìlì lábíyá, bàtà rọ́bà títí dé orúnkún.
"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ìjọba ń kọ orúkọ oko ẹran sílẹ̀,
kí àrùn má baà máa rìn káàkiri láìsí ẹni tó rí i."
Ó ki bàtà bọ inú bàsíà omi oògùn kó tó wọlé.
Èmi tí mo nilé, n kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní kó jókòó. Mo bu omi fún un. Mo ń ronú irọ́.

Bàbá mi sá fún owó orí wọ igbó Àkànràn lọ́jọ́ kìíní àná,
ó padà wálé pẹ̀lú etí kan tí ìbọn ti dí,
ó sì fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún wa bí ogún:
ohun tí ìjọba bá kà, ìjọba á padà wá mú níbẹ̀.
A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ;
ta ni yóò wá ka adìẹ fáladìẹ?

Orúkọ oko?
Kò lórúkọ. Ẹ̀yìnkùlé ni.
Ó kọ ọ́: Ẹ̀yìnkùlé.
Ẹni tó ni ín? Sìdíkátù Oyèékànmí.
Iye adìẹ? Igba ó lé méjìlá.
(Ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n. Mo fi ìyókù sábẹ́ ahọ́n.)
Ewúrẹ́? Mẹ́ta. Ọ̀kan lóyún.
"Ṣé kí n kọ mẹ́rin ni?" Ó rẹ́rìn-ín,
èmi náà rẹ́rìn-ín, ara mi fẹ́ rọ̀.

Àfi bí egungun ẹja lọ́nà ọ̀fun, ìbéèrè kọkànlá:
Níbo lẹ ń kó òkú ẹran sí?

Yé, ọmọ yìí.
Mo rí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn,
ojú tó wú, ogbe tó dúdú bí aró.
Lúkúlúkú ni, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a ò mọ orúkọ.
Mo rí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́sàn-án, èmi àti tọ́ọ̀ṣì, lóru,
mo rí odò Ọmi tó gbà wọ́n láìbi mí ní nǹkan kan.

Odò kì í béèrè. Ìwà odò tí mo fẹ́ràn nìyẹn.
Ṣùgbọ́n odò a máa ṣàn.
Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni Mùdáṣírù ti ń pọnmi fún pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀,
Mùdáṣírù tó wá kí mi láàárọ̀:
"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń pa tiyín?"
Mo ní, "Ooru ni."
Ooru.
Nínú oṣù Ògún, tí òjò ń pa àwa méjèèjì bí mo ti ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, àgò rẹ̀ dákẹ́.
Ó ta ilẹ̀ náà. Ọ̀kadà ló ń gùn ní Ìwó Róòdù báyìí,
bó bá sì rí mi, ọ̀fẹ́ ló ń gbé mi:
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má san. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."
Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wò títí dé ilé.

"Màmá?" ni Ìbídùnní wí. "Ẹ lè fò ó bó bá le."

Mo ní, kọ ọ́.
Kọ: inú odò.
Kọ: ẹ̀ẹ̀kan, àpò mẹ́sàn-án, oṣù Ògún.
Kọ: ó dé oko ẹlòmíràn.
Pa igba ó lé méjìlá yẹn rẹ́, kọ ọ̀ọ́dúnrún.
Ó ní àyè orí fọ́ọ̀mù kò gba gbogbo rẹ̀.
Mo ní kó yí i sẹ́yìn.

Ó kọ ọ́ pẹ́. Kò gbójú sókè.
Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn àgò,
ó fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí kòtò yóò wà, jìnnà sí kànga,
ó ní kó jìn ju èmi lọ lóòró, kí n má gbàgbé ẹfun.

Bóyá wọn yóò padà wá mú mi, n kò mọ̀.
Lálẹ́ mo gbé àtùpà wọ àgò, mo ka adìẹ mi sókè,
oókan, eéjì, títí mo fi dé ibi tí mo ti purọ́,
mo sì kà á kọjá.

Lọ́la mo ń lọ sí Ìwó Róòdù.
N kò tíì mọ ohun tí n ó kọ́kọ́ sọ.